Àgbàdo Mi, Ẹja Wọn

Agolo sweetcorn mẹ́rin ni Ìyá Ìbejì rà sílé lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí ìrẹsì díndín tó fẹ́ fi ṣe àlejò lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹyọ kan ló bá. Ó pe àwọn ọmọ, wọ́n ní àwọn kọ́. Ó yíjú sí mi. Mo ní ẹja ló jẹ ẹ́.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo mọ bí irọ́ ṣe ń rí lẹ́nu àgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, òótọ́ ni mo sọ. Ẹja ló jẹ ẹ́. Agolo mẹ́ta gbáko. Èyí tó wá ń dùn mí dé egungun ni pé nígbà tó jẹ ẹ́ tán, tó yó, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi gbé e padà sínú omi, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkùnrin kan sì dúró tì mí, ó ń wò mí bóyá mo ń ṣe é bó ṣe yẹ.

Aládùúgbò mi ló kó mi sí i. Essex níbí là ń gbé, ògiri kan ló pààlà èmi àti ẹ̀. Òyìnbó pọ́ńbélé ni, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn jẹ́jẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ òru bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ mi ru, tí dókítà ní kí n wá ohun tí n óò máa fi sinmi, aládùúgbò mi ní kí n bá òun lọ pẹja lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Mo ti jókòó ti àwọn apẹja ní Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge rí, mo ti gbẹ́ ekòló lẹ́yìnkùlé wa. Mo mọ ètò náà bí ẹni mowó: ekòló, ìwọ̀, sùúrù, ẹja, ata, iná. Ta ló fẹ́ sọ fún mi pé ní ilẹ̀ yìí, wọ́n ti yọ ata àti iná kúrò nínú ètò?

Owó ló kọ́kọ́ lọ. Ní ilẹ̀ England, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀ sódò láìní ìwé àṣẹ ìjọba. Tí wọ́n bá mú ẹ, owó ìtanràn lè tó £2,500. Mo gba ìwé. Mo tún sanwó fún ẹni tó ni adágún. Mo ra ọ̀pá, mo ra àga, mo ra àwọ̀n ìgbẹ́ja, mo ra bẹ́ẹ̀dì ẹja. Ẹ ò ṣì í kà o. Tìmùtìmù kan báyìí ni, tí ẹja yóò dùbúlẹ̀ lé nígbà tí a bá ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kí òkúta má baà ha á lára. Àga tí èmi fúnra mi fi jókòó, irin ni.

Ó wá ku ìjẹ. Aládùúgbò mi ṣí fìríìjì ẹ̀, ó gbé ike kan jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà, ó ṣí i sí mi lójú: ìdin. Ìdin tó ń yí lọ yí bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rà á, páìǹtì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n bí bíà, wọ́n tilẹ̀ máa ń pa òmíràn láró pupa kí ó lè rẹwà. Mo ní, ọ̀rẹ́, ọjọ́ tí mo bá gbé nǹkan yìí wọ fìríìjì Ìyá Ìbejì, ìdí adágún yẹn náà ni n óò máa sùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣé a ní sweetcorn nílé?

Bí mo ṣe wọ gbèsè nìyẹn.

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nínú mọ́tò, mi ò sì lè sọ pé àlàyé ẹ̀ kò bọ́gbọ́n mu. Ẹja tí wọ́n ń wá níbẹ̀, carp ni wọ́n ń pè é. Kò ní eyín lẹ́nu. Ọ̀nà ọ̀fun ni eyín ẹ̀ wà. Ṣe ló máa ń fa oúnjẹ mu, á tọ́ ọ wò, bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn á pọ̀ ọ́. Àgbàdo wá rọ̀, ó dùn, ó ń rì, àwọ̀ ẹ̀ sì ń tàn nínú omi tó dàrú. Kí àgbàdo tó dé, búrẹ́dì, wàràkàṣì, ekòló àti ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n bọ̀ ni àwọn àgbà wọn ń lò. Ní 1952, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Walker mú carp kan tó tó kílò 20 ní adágún Redmire ní Herefordshire, ọgbà ẹranko London ni wọ́n sì gbé ẹja náà lọ, ibẹ̀ ló gbé títí ó fi kú. Ó wá di 16 oṣù kẹfà, 1980. Ní adágún kan náà, Chris Yates mú èyí tó lé ní kílò 23. Aládùúgbò mi dín ìró rédíò kù kí ó tó sọ ohun tí ọkùnrin náà fi mú un. Ó na ìka mẹ́ta sí mi. Hóró àgbàdo mẹ́ta.

Mẹ́ta! Nílé wa, hóró mẹ́ta ni èyí tó ń bọ́ lẹ́nu ọmọdé tí adìẹ ń sá tẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ lè mọ ibi tó ti ń dùn mí. Lángbé ni ìyá mi tà tó fi rán mi níwèé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni omi ìkòkò ti ń hó, tí gbogbo ilé ń rùn fún àgbàdo tuntun àti iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ògì ló ń tà. Òtítọ́ ni pé àgbàdo kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, Amẹ́ríkà ló ti sọdá òkun wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe tọ́jú ẹ̀ nígbà tó dé. A fi ṣe ẹ̀kọ, a fi ṣe ẹ̀gbo, a pò ó mọ́ ẹ̀wà ó di àdàlú, a yan án ó di gúgúrú, a lọ̀ ọ́ a pò ó mọ́ epo ó di àádùn, a dín in ó di kókóró. Nínú gbogbo oríkì tí a ki àgbàdo, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti sọ pé kí a máa gbé e fún ẹja tó yó.

A dé ìdí omi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀ṣọ́ adágún wá kí wa, ó rí agolo mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ó fajú ro. Ó ní kò sí agolo létí omi níbí. Wọ́n ní ìdérí ẹ̀ máa ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀, ó sì máa ń há ẹsẹ̀ ẹyẹ. Kí n da àgbàdo náà sínú ike. Ike wo? Ike kan ṣoṣo tí mo mú bọ̀ ni ike áísìkiriìmù tí Ìyá Ìbejì fi di ìrẹsì àti ata díndín fún mi. (Mi ò ní máa ṣàlàyé ìyẹn. Ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun tó ṣì ń retí áísìkiriìmù nínú ike áísìkiriìmù, àlejò ni.) Mo jókòó, mo jẹ ìrẹsì mi ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ nínú òtútù, nítorí kí àgbàdo ẹja lè rílé gbé. Mo fi tíṣù nu ike náà, ṣùgbọ́n ata díndín kì í ṣe ohun tí tíṣù ń mú kúrò. Nígbà tí mo da àgbàdo sí i, omi ẹ̀ gbé epo pupa léfòó yí ká etí ike.

Aládùúgbò mi ní kí a kọ́kọ́ fọ́n ọn sómi, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́, kí ẹja lè mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ. Ó ní kí n má háwọ́. Mo fọ́n ọn. Pẹ́pẹ́yẹ méjì dé, wọ́n kì bọ omi, wọ́n gba tiwọn. Mo tún fọ́n ọn. Bàbá mi ṣe sàárà láyé ẹ̀, àmọ́ ojú àwọn tó ń jẹ ẹ́ ló fi ń rí wọn, wọ́n á sì ṣàdúrà.

Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi í sí ìwọ̀. Wọn kì í gún un mọ́ ìwọ̀ gan-an. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó rọ̀ sí ìdí ìwọ̀, irun ni wọ́n ń pè é. Ara irun yẹn ni àgbàdo ń gbé, kí ẹja lè fà á mu láìfura, kí ìwọ̀ sì mú un ní ètè nígbà tó bá fẹ́ pọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ kékeré ni a fi ń gún hóró náà. Ọwọ́ mi tó ń gbé àpótí ní wíàháòsì ní gbogbo òru, ẹ wá wò ó bó ṣe ń gbọ̀n lórí hóró àgbàdo. Bí abẹ́rẹ́ bá ti bá a níbi tí kò yẹ, èèpo á bẹ́, omi funfun á tú jáde bíi wàrà, á ta sí mi lójú. Mo ba mẹ́fà jẹ́ kí ẹyọ kan tó gbà. Mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ rántí ata.

Ojú kan ni mo fi pẹja fún bíi wákàtí kan.

Lásìkò yẹn, aládùúgbò mi ti mú mẹ́rin. Mo ní kí ló ń lò? Ó ṣí àpótí ẹ̀, ó gbé hóró kan lé mi láàtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ àgbàdo gidi, ìrísí àgbàdo gidi. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò bẹ́. Rọ́bà ni! Wọ́n ń ṣe àgbàdo rọ́bà tà. Ó ní kò lè bọ́ lára irun, pẹ́pẹ́yẹ kò lè jẹ ẹ́, òun lè lò ó fún ọdún kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: àgbàdo mi, tí mo jí nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó mi, ni ẹja rí tí ó fi wá. Nígbà tó dé, rọ́bà ẹni ẹlẹ́ni ló gbé. Ìyá mi tà lángbé fún ogún ọdún, kò sẹ́ni tó gba ọjà lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù ni okùn mi fà. Ẹ má bi mí bó ṣe rí, ojú mi kò tíì là tán. Mo mọ̀ pé ọ̀pá tẹ̀, mo mọ̀ pé mo pe Jésù, mo mọ̀ pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a wọ omi. Nígbà tí a fi àwọ̀n gbé e, ìwọ̀n fi kílò mẹ́fà hàn. Ìpẹ́ ẹ̀ tóbi bíi kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, ó ń dán bíi góòlù, irùngbọ̀n kéékèèké méjì-méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀. Aládùúgbò mi ní òun kò tíì rí irú èyí mú láti àárọ̀, kí ni mo fi sí àgbàdo mi? Mo wo ike, mo wo epo tó léfòó. Mo ní àṣírí ilé wa ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó sọ fún mi pé àwọn kan máa ń fi ata àti kọ́rì sí ìjẹ tiwọn, owó sì ni wọ́n ń fi rà á.

Èmi ti ń pín in nínú ọkàn. Orí fún èmi. Ìrù fún àwọn ìbejì. Àárín méjì fún ọbẹ̀ àlejò, ìyókù fún fíríísà. Ọwọ́ mi ti ń wá ọ̀bẹ. Ni aládùúgbò mi bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó da omi tútù sí i kí ẹja má baà gbẹ, ó tẹ́ ẹ sí i, ó yọ ìwọ̀. Ó wá mú ìgò oògùn kékeré kan jáde, ó fi òwú kàn án sí ojú ibi tí ìwọ̀ ti gún ún ní ètè. Oògùn apakòkòrò. Fún ẹja. Lẹ́sẹ̀ kan náà. Orúnkún mi yìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú kí ẹnì kan tó fọwọ́ kàn án, pé kí n lọ máa lo paracetamol ló sì fi dá mi lóhùn.

Wọ́n ya fọ́tò mi. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n má gbé e ga, kí ó má baà já bọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀ṣọ́ ní kí n dá a padà. Mo ní níbo? Ó na ọwọ́ sí omi. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ni adágún ló ni ẹja, ẹni tó bá gbé e lọ láìgbàṣẹ, olè ni lójú òfin. Mo ní owó tí mo san lẹ́nu géètì ńkọ́? Ó ní ti pípa ni, kì í ṣe ti jíjẹ. Mo gbé e sómi. Ó dúró díẹ̀ láàárín ọwọ́ mi, ó ń mí, ó wò mí pẹ̀lú ojú kan bíi ojú onígbèsè tó ti mọ̀ pé o kò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Ó na ìrù, ó ta omi sí mi lójú tó kù, ó lọ.

Wọ́n tilẹ̀ máa ń sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀kan wà ní Bluebell Lakes, ní Northamptonshire, Benson ni wọ́n ń pè é, abo ni, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 30. Wọ́n ti mú un ju ìgbà 60 lọ, wọ́n sì ń dá a padà. Nígbà tó kú ní 2009, ìwé ìròyìn gbé e bí ìgbà tí ọba wàjà. Ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fura sí pé ó pa á: ọ̀fìọ̀. Ọ̀fìọ̀ tí a ń rà lọ́wọ́ Mọ́là nínú bárò yẹn. Wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnì kan fọ́n ọn sómi láì sè é. Mo ti jẹ ọ̀fìọ̀ láì sè é láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sí oníròyìn kankan tó béèrè àlàáfíà mi.

Ọ̀rọ̀ àìsè yìí ló tún dá ìjà kejì sílẹ̀ nílé. Nígbà tí Ìyá Ìbejì fi kọ́kọ́rọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo lọ ra àgbàdo gbígbẹ, nítorí ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbàdo gbígbẹ kò ṣe é jù sómi bẹ́ẹ̀. Á wú nínú ẹja, á sì ṣe é léṣe. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, kí a sì sè é fún ìlàjì wákàtí ó kéré tán. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo rẹ ẹ́ sínú ike ńlá ní kíṣìnnì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé e kaná. Òórùn ẹ̀ gba ilé. Ìyá Ìbejì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ojú ẹ̀ rọ̀ bí mi ò ṣe rí i láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbo lẹ fẹ́ ṣe fún wa ni?" Ó ti mú ṣíbí lọ́wọ́.

Mo rò ó wò bóyá kí n ní bẹ́ẹ̀ ni.

N óò fo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹ ó ní kí n lọ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ẹja gan-an kí àlàáfíà lè jọba. Mo lọ. Ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ìpẹja tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ mi ń tà á nínú agolo tó jọ ti ilé ìdáná, wọ́n ti pa á láró pupa, wọ́n ti fi òórùn sitirọ́bẹ́rì sí i, nítorí ẹja tí wọ́n bá ti fi àgbàdo yẹ́lò mú lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́rin a máa fura sí yẹ́lò. Owó ẹ̀ ju ti èèyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo rà á. Èyí tó kẹ́yìn dé nínú àwọn ìbejì jẹ ẹ́ láti inú fìríìjì lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè nígbà tó ti ilé ìwé dé, ó ní ó dùn ju ti mọ́mì lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá mi pè láti Ìsẹ́yìn. Ẹnì kan ti fi fọ́tò èmi àti ẹja náà hàn án lórí fóònù.

Ó ní, "Ẹja yìí tóbi o. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣé ẹ ti yan díẹ̀ nínú ẹ̀?"

Mo ní, "Màámi, ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Mo dá a padà sómi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé omi òrìṣà ni? Nítorí ní Òṣogbo, a mọ̀ pé wọn kì í pẹja odò Ọ̀ṣun nínú igbó yẹn. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìwọ̀ fà á lẹ́nu kí wọ́n tó wí fún un pé èèwọ̀ ni."

Mo ní kì í ṣe omi òrìṣà, ẹnì kan ló ni ín, káàdì ni a fi ń sanwó.

"O sanwó. O mú ẹja. O dá ẹja padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí lo fi mú un?"

Ẹnu mi wúwo. Mo ní, "Àgbàdo, Mà."

Mo ń gbọ́ ìró àwọn adìẹ ilé wa lẹ́yìn ẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó fọhùn. Ó ní, "Fún ìyàwó mi ní fóònù."

Ìyá Ìbejì gbé fóònù wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sí kọ́rídọ̀. Mo gbọ́ "hẹ̀n-ẹ́n, Mà," mo gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ ọ tó ní, "Rárá o, Mà, wọn ò tíì máa dá sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n ń sùn dáadáa, Mà. Wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni."